Kí ẹ tó gun òkè Meru, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ jẹ́nótáìpù

Kilimanjaro ni gbogbo ayé mọ̀ nílẹ̀ Tanzania, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ rí Kilimanjaro dáadáa, orí òkè Meru lẹ́bàá ìlú Arusha ló yẹ kó lọ. Òkè ayọnáyèéfín ni Meru, góńgó rẹ̀ sì ga tó 4,562 mítà. Apá ìlà-oòrùn rẹ̀ ti ya lulẹ̀ láyé àtijọ́, ìyókù wá dúró bí ìlàjì àwo tó fọ́. Etí àwo yẹn lèèyàn máa rìn lé lórí títí dé góńgó.

Dókítà ni mí. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń múra ìrìn yìí máa ń bi mí léèrè bàtà àti aṣọ òtútù. Èmi á kọ́kọ́ bi wọ́n pé: jẹ́nótáìpù rẹ ńkọ́?

Bá a ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́lẹ́ sí i. Lórí góńgó Meru, ọ́síjìn tí èémí kan ń gbé wọlé kò pé mẹ́fà nínú mẹ́wàá èyí tí à ń mí sínú l'Ékòó. Ẹni tó bá jẹ́ SS, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: má lọ. Àìtó ọ́síjìn gan-an ló ń mú kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ ká kọ́rọ́, kó sì dí ojú iṣan; òtútù àti òùngbẹ á tún dá kún un. Ọ̀pọ̀ AS ló ń gun òkè gíga tí nǹkan kan kì í ṣe wọ́n. Síbẹ̀, bí AS bá ṣàdédé ní ìrora líle lábẹ́ egungun ìhà òsì níbi tó ga báyìí, kì í ṣe ọgbẹ́ inú, kì í sì í ṣe gáàsì títí dìgbà tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò nílé ìwòsàn. Kó máa sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ọjọ́ kìíní kì í nira. Ẹ̀ṣọ́ ọgbà ẹranko Arusha tó gbé ìbọn dání á tẹ̀ lé yín láti ẹnubodè Momella nítorí ẹfọ̀n, ẹ ó sì sùn sí ilé ìsinmi Miriakamba, 2,514 mítà. Ọjọ́ kejì ló gba àkíyèsí. Saddle Hut, ilé ìsinmi kejì tí ẹ máa sùn sí, wà ní 3,570 mítà, ó fi ohun tó ju 1,000 mítà lọ ga ju ibi tẹ́ ẹ ti jí. Ìlànà tí àwa dókítà ń tẹ̀ lé ni pé, téèyàn bá ti kọjá 3,000 mítà, kí ibùsùn òní má fi ju 500 mítà ga ju ti àná. Meru kò fún yín láyè yẹn. Nítorí náà, ẹ lo ọjọ́ díẹ̀ ní Arusha ṣáájú, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà yín bóyá Diamox, oògùn tó ń bá ara mọ́ òkè gíga, bá yín lára mu, kẹ́ ẹ sì gun Little Meru, góńgó kékeré tó wà nítòsí Saddle Hut, lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, kẹ́ ẹ padà wá sùn nísàlẹ̀. Ara máa ń jàǹfààní nínú ká gòkè lọ, ká tún sọ̀ kalẹ̀ wá sùn.

Bí orí bá ń fọ́ yín, tí èébì ń gbé yín, ẹ má gòkè sí i. Bí ẹnì kejì yín bá ń sọ kántankàntan, ẹ fi ọ̀pá fa ìlà sórí eérú ilẹ̀, kẹ́ ẹ ní kó rìn ín, kí gìgísẹ̀ kan máa kan orí ọmọ ìka ẹsẹ̀ kejì. Tó bá ń yà kúrò lórí ìlà, ọpọlọ rẹ̀ ti ń wú. Ẹ mú un sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́.

Òru ni wọ́n ń gbéra lọ sí góńgó, ní nǹkan bí aago kan sí méjì. Nínú òkùnkùn, ìmọ́lẹ̀ orí yín nìkan lẹ máa rí. Tílẹ̀ bá mọ́, Kilimanjaro á yọ gedegbe ní ìlà-oòrùn, òkè eérú kékeré á sì wà nísàlẹ̀ nínú ihò. Ó rẹwà, mi ò lè parọ́. Ìgbà yẹn náà lẹ máa tó rí i pé ihò tẹ́ ẹ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jìn ju ẹgbẹ̀rún mítà lọ. Ẹ dúró kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò. Ẹ má máa rìn, kẹ́ ẹ tún máa wo fóònù.

Kẹ́ ẹ tó kúrò ní Momella, ẹ sọ jẹ́nótáìpù yín àti oògùn tẹ́ ẹ̀ ń lò fún afinimọ̀nà. Kẹ́ ẹ sì ṣèlérí fún un níbẹ̀ pé bó bá ní kẹ́ ẹ padà, ẹ ò ní bá a jiyàn, torí ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ń wú kì í mọ̀ pé ara òun ò yá.