Pop-up Inú Áàpù Fóònù àti Bí Ó Ṣe Yẹ Kí A Máa Darí Rẹ̀

Pop-up ni a ń pe àpótí kékeré tó máa ń yọ sójú fóònù láàárín iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe nínú áàpù, tó gbé ìbéèrè tàbí ìkìlọ̀ dání, tó sì ní bọ́tìnì kan, méjì tàbí mẹ́ta tí a ó fi dá a lóhùn. Ohun tó fi yàtọ̀ sí ìfitónilétí tó ń yọ fẹ́rẹ́ tó sì ń lọ fúnra rẹ̀ ni pé pop-up máa ń dí ọ̀nà: títí tí a ó fi dá a lóhùn, ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò ṣeé tẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ìyá kan tó ń ta lésì ní ọjà Balógun, tó fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sí ẹni tó kó ọjà fún un. Ó ti kọ iye owó, ó ti yan báǹkì, àpótí ìjẹ́rìísí sì ti yọ. Bí àpótí mìíràn tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fún áàpù náà ní ìràwọ̀ márùn-ún bá já lé e lórí ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn, tí ẹ̀kẹta tó ń kéde ẹ̀dà tuntun sì tẹ̀lé e, ìka rẹ̀ lè bọ́ sórí ohun tí kò ní lọ́kàn. Àpótí kọ̀ọ̀kan ní ìdí tó fi yọ, ṣùgbọ́n apá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú áàpù ló ń yọ wọ́n, ọ̀kan kò sì mọ̀ pé èkejì wà.

Ohun tí mo gbà pé ó tọ́ ni pé kí ibì kan ṣoṣo nínú áàpù ní àṣẹ láti yọ pop-up. Apá yòówù tó bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ yóò fi í ránṣẹ́ síbẹ̀, ibẹ̀ ni a ó ti tò wọ́n sórí ìlà bí èrò ṣe ń tò de bọ́ọ̀sì BRT ní CMS, ọ̀kan yóò sì parí kí òmíràn tó yọ. Ọ̀rọ̀ owó àti ti ààbò ni yóò máa ṣíwájú. Ìbéèrè ìràwọ̀ ni yóò kẹ́yìn gbogbo wọn. (Apple fúnra wọn ti fi òdiwọ̀n sí i: àpótí ìràwọ̀ tí iOS, ètò tó ń darí iPhone, ń yọ kò lè kọjá ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọjọ́ 365.) Bí nẹ́tíwọ́kì bá sì ń lọ tó ń bọ̀ lórí Third Mainland Bridge, ìkìlọ̀ ẹyọ kan ti tó, kí ìlà náà má ṣe gba ìyókù.

Ibi tí ọ̀pọ̀ áàpù ti ń ṣubú ni pé àpótí kì í dá dúró. Lórí Android, ó so mọ́ ojú-ewé tó yọ ọ́, èyí tí àwọn tó ń kọ áàpù ń pè ní Activity. Bí ènìyàn bá yí fóònù sí ẹ̀gbẹ́, Android sábà máa ń pa Activity náà rẹ́, á sì ṣe òmíràn. Àpótí tí a kàn yọ lásán yóò bá ti àkọ́kọ́ lọ, tòun ti ìbéèrè tí oníbàárà kò tíì dáhùn. Èyí tó tún burú jù ni kí áàpù máa dúró de èsì báǹkì, kí oníbàárà ti kúrò lójú-ewé náà kí èsì tó dé, kí áàpù wá fẹ́ yọ àpótí sórí ojú-ewé tí kò sí mọ́. BadTokenException ni Android máa ń pe àṣìṣe yìí, áàpù yóò sì kú lójú ẹsẹ̀. DialogFragment, irinṣẹ́ Android fún yíyọ àpótí, tó dé pẹ̀lú Android 3.0 ní ọdún 2011, máa ń jẹ́ kí Android dá àpótí padà sórí ojú-ewé tuntun. Síbẹ̀, kò yẹ kí ìbéèrè àti ìdáhùn máa gbé inú àpótí rárá. Inú ViewModel, ibi ìpamọ́ kan nínú áàpù tí yíyí fóònù kì í pa rẹ́, ni kí a fi wọ́n sí, kí àpótí kàn máa fi wọ́n hàn.

Àpótí ìyọ̀ǹda, èyí tó ń béèrè bóyá áàpù lè lo nǹkan bíi kámẹ́rà, yàtọ̀, nítorí pé fóònù fúnra rẹ̀ ló ń yọ ọ́ nígbà tí áàpù bá bẹ̀ ẹ́. Láti orí Android 11, bí ènìyàn bá ti kọ̀ láti fúnni ní ìyọ̀ǹda kan lẹ́ẹ̀mejì, àpótí náà kò ní yọ mọ́. Lórí iPhone, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ti kámẹ́rà. Nítorí náà, kí áàpù má ṣe béèrè kámẹ́rà ní kété tí wọ́n ṣí i; kó dúró di ìgbà tí oníbàárà fẹ́ ya fọ́tò ìwé NIN rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ bọ́tìnì. 'Fi owó ránṣẹ́' yé ènìyàn ju 'OK' lọ. Bí wọ́n bá sì ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí bọ́tìnì náà má ṣeé tẹ̀ mọ́ lójú ẹsẹ̀, kí áàpù sì fi nọ́ńbà àrà ọ̀tọ̀ kan bá ìsanwó náà lọ, kí báǹkì lè mọ̀ bí ìsanwó kan náà bá tún padà wá. Nígbà tí owó ń lọ lọ́wọ́, kò yẹ kí títẹ ẹ̀gbẹ́ àpótí pa á dé. Àmọ́ kí áàpù má ṣe há ènìyàn mọ́ inú àpótí tí kò ní ọ̀nà àbájáde: bí èsì bá pẹ́, kí bọ́tìnì kan wà tí yóò gbé e lọ sójú-ewé àkọsílẹ̀ ìsanwó, níbi tí yóò ti rí i bóyá owó ti lọ tàbí kò tíì lọ, kó tó di pé ó tún san án.