Àtíbàbà Onígi àti Ìgbàgbọ́ Pé Igi Líle Kì í Jẹrà

Ní Ìlọrin, ní Ọ̀fà àti ní Òmù-Àrán, ọ̀pọ̀ ẹni tó bá parí ilé tuntun ló ń ní kí káfíńtà bá òun kan àtíbàbà onígi sí àgbàlá, níbi tí ẹbí àti àlejò yóò ti máa gba atẹ́gùn ní ìrọ̀lẹ́. Ohun tí a sì ń gbọ́ lẹ́nu wọn ni pé bí igi náà bá ti jẹ́ ìrókò, apá tàbí tíìkì, òjò kò lè ṣe é ní nǹkan kan, ikán kò sì lè fẹnu kàn án. Àwọn tó ní ẹbí lókè òkun a máa fi kédárì kún un, wọ́n á ní igi tí Sólómọ́nì fi kọ́ tẹ́ḿpìlì ni, kò lè jẹrà láéláé. Owó gọbọi ni ìgbàgbọ́ yìí ń mú kí àwọn onílé fi ṣòfò, nítorí pé kò tọ̀nà.

Kédárì pupa tí wọ́n fi ń kan àtíbàbà ní Kánádà àti Amẹ́ríkà kì í ṣe igi Lẹ́bánónì. Etíkun ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ méjèèjì yẹn ló ti ń hù, Thuja plicata sì ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Kò le rárá, ó sì fúyẹ́: bí ó bá gbẹ, kílò 370 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ ni ó wọ̀n ní mítà kan níbùú, lóròó àti ní gíga, nígbà tí ìrókò tó tóbi bákan náà ń wọ̀n tó nǹkan bíi kílò 650. Nítorí náà, líle kọ́ ló ń gba kédárì lọ́wọ́ ìjẹrà. Èròjà kan tí igi náà fúnra rẹ̀ ń pèsè, tí ó ń dènà olú tó ń mú igi jẹrà, ló ń dáàbò bò ó. Ìrókò àti tíìkì náà ní èròjà tiwọn.

Ṣùgbọ́n àárín igi nìkan ni ààbò yìí wà. Apá funfun tó wà lábẹ́ èèpo, èyí tí omi ń gbà gòkè nígbà tí igi ṣì wà láàyè, kò ní in, ìbáà jẹ́ ti ìrókò, ìbáà jẹ́ ti kédárì. Tíìkì ló yẹ kí a ṣọ́ra fún jù lọ, nítorí pé wọ́n sábà máa ń gé èyí tí wọ́n gbìn sóko ní kékeré, nígbà tí àárín rẹ̀ kò tíì gbó, tí apá funfun sì pọ̀ lára rẹ̀. Ẹni tó ra òpó tíìkì tí kò nípọn ju apá ènìyàn lọ, orúkọ tíìkì ni ó rà. Ní ìsọ̀ pákó, ẹ wo ẹnu ibi tí wọ́n ti gé igi náà, kí ẹ sì kọ èyí tí funfun bá pọ̀ lára rẹ̀.

Bí a bá tilẹ̀ rí ojúlówó àárín igi rà, omi ni yóò pinnu bí yóò ṣe pẹ́ tó. Olú kì í lè jẹ igi tí omi inú rẹ̀ kò bá tó ìdá 20 nínú 100. Lábẹ́ òrùlé tó bò dáadáa, kì í ṣòro fún igi láti gbẹ tó bẹ́ẹ̀. Ìdí òpó ni ìṣòro wà. Ẹni tó bá ti hú òpó ọgbà àtijọ́ rí yóò ti ṣàkíyèsí pé òkè rẹ̀ ṣì le, ìsàlẹ̀ tó jìn sínú ilẹ̀ pàápàá lè ṣì le, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ yóò ti kẹ̀. Afẹ́fẹ́ ṣọ̀wọ́n nísàlẹ̀, omi kì í sì í pẹ́ gbẹ lókè. Ọrùn yẹn ni méjèèjì ti ń pàdé.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí àwọn bá da kọnkéré yí òpó ká, àwọn ti yanjú rẹ̀. Ní ìgbà ọyẹ́, igi a máa súnkì, àlàfo a sì ṣí sílẹ̀ láàárín òun àti kọnkéré. Bí òjò bá wá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin, kọnkéré náà yóò di ìkòkò tó ń pọn omi sídìí òpó. Ohun tó yẹ ni kí kọnkéré ga ju ilẹ̀ lọ, kí orí rẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ kí omi lè ṣàn kúrò, kí wẹ́dà sì ṣe bàtà irin tí yóò gbé ẹsẹ̀ òpó sókè kúrò lórí kọnkéré, ó kéré tán ní ìwọ̀n ìka méjì.

Bàtà irin yìí wúlò fún ti ikán pẹ̀lú. Kò lè dí wọn lọ́nà pátápátá, ṣùgbọ́n wọn yóò ní láti fi amọ̀ mọ ọ̀nà wọn gba orí irin kọjá ní gbangba, níbi tí onílé yóò ti rí i kí wọ́n tó dé inú igi. Ní ilẹ̀ wa tí ọ̀gán wà káàkiri oko, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbójú lé kédárì pupa láti kojú ikán, nítorí agbára rẹ̀ sí olú ju agbára rẹ̀ sí ikán lọ. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi ọ́ìlì dúdú tí wọ́n yọ nínú ẹ́ńjìnnì kun igi. Kì í wọlé jinlẹ̀, májèlé inú rẹ̀ sì lè ṣàn bá omi òjò wọ inú ilẹ̀, kànga sì wà ní àgbàlá púpọ̀ nínú àwọn ilé wa. Oògùn igi gidi ni kí a lò, kí a sì kùn ún kí káfíńtà tó kàn wọ́n pọ̀, pàápàá ní ẹnu ibi tí a ti gé igi, nítorí ibẹ̀ ni igi ti ń mu omi jù.

Bí àwọ̀ igi bá di eérú lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, oòrùn ló fà á, kì í ṣe ìjẹrà. Ọ̀bẹ ni kí ẹ fi gún ìdí òpó. Bí ó bá wọlé wẹ́rẹ́, ìgbà náà ni kí ẹ pe káfíńtà.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tó ra ìrókò fún gbogbo iṣẹ́ náà lè ra ìwọ̀nba tí yóò tó fún àwọn òpó, kí ó lo afárá gbígbẹ tí a ti fi oògùn kùn fún igi òrùlé, kí ó sì fi owó tó bá kù ṣe bàtà irin.