Bí Kọ́ìnì àti Álíbọ́ọ̀mù Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ Nínú Géèmù Solitaire Orí Fóònù

Solitaire, géèmù káàdì tí ẹnì kan ń dá ta, tí Microsoft fi sínú Windows 3.0 lọ́dún 1990 kò béèrè nǹkan kan: èèyàn ṣí i, ó ta á, ó pa á dé. Ti orí fóònù lóde òní yàtọ̀. Káàdì ni wọ́n fi ń fa èèyàn wọlé, kọ́ìnì àti álíbọ́ọ̀mù (ìwé tí èèyàn ń kó àwòrán jọ sí títí á fi pé) ló ń mú un padà wá lójoojúmọ́.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn gùn lé TriPeaks, tí Robert Hogue gbé kalẹ̀ lọ́dún 1989. Káàdì 28 ni wọ́n tò bí òkè mẹ́ta: 18 dojú bolẹ̀, 10 tó wà nísàlẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ẹyọ kan ṣí sábẹ́ wọn, òkìtì 23 tó kù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Káàdì òkè tó bá fi ẹyọ kan ju èyí tó ṣí sábẹ́ wọn lọ, tàbí tó fi ẹyọ kan dín, ni wọ́n ń mú: 6 tàbí 8 ló lè gun orí 7. Àmì àti àwọ̀ kò já mọ́ nǹkan kan, K (ọba) àti A (tó dúró fún 1) sì jẹ́ aládùúgbò. Bí òkè bá tán kí òkìtì tó tán, wọ́n jẹ nìyẹn. Àwọn tó ń ṣe géèmù kàn ń yí bí wọ́n ṣe tò ó padà ní ìpele kọ̀ọ̀kan ni.

Kọ́ìnì ni owó ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá jẹ, owó rẹ̀ á padà pẹ̀lú èlé. Ṣùgbọ́n bí ìpele ṣe ń ga ni owó ìwọlé ń ga: kọ́ìnì 10,000 gba ìgbà 20 bí ìwọlé bá jẹ́ 500; tó bá di 2,000, ìgbà 5 péré ni. Bí kọ́ìnì ṣe ń gbẹ nìyẹn, láìjẹ́ pé ẹni náà ń ta á burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ibi tí wọ́n ti ń mú èèyàn gan-an ni ìgbà tí òkìtì tán, tó wá ku káàdì kan ṣoṣo lókè. Wọ́n á na káàdì 5 mìíràn síni, lówó. Bí kò bá sí èrú níbẹ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní àǹfààní 2 nínú 13 láti bá a mu. Nínú márùn-ún, ó jẹ́ bíi 57 nínú 100. Tí owó tí wọ́n ń béèrè bá ju ìdajì èrè lọ dáadáa, ó sàn kí èèyàn fi í sílẹ̀. Tó bá jẹ́ méjì ló kù, tí ọ̀kan bo èkejì, àǹfààní náà tún kéré sí i.

Káàdì tó ń dúró fún èyíkéyìí, tó dà bíi 20 inú Whot, ni àwọn èèyàn ń fi ṣòfò jù. Bí 3 bá wà nísàlẹ̀, tí 9, 10 àti J sì ṣí lókè, ẹyọ rẹ̀ kan á kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò yẹ kí wọ́n lò ó nítorí káàdì kan, àfi tó bá jẹ́ èyí tó kẹ́yìn.

Álíbọ́ọ̀mù ló le jù. Ká ní ojú ewé kan gba àwòrán 9, tí gbogbo wọn sì ń jáde lọ́gbọọgba. Kó tó pé, èèyàn á ṣí àwòrán bíi 25 ní ìpíndọ́gba, 9 nínú rẹ̀ á sì jẹ́ nítorí èyí tó kẹ́yìn nìkan, torí àtúnrí ló pọ̀ jù nígbà náà. Bẹ́ẹ̀, wọn kì í jáde lọ́gbọọgba. Bí ọ̀kan bá ń jáde ní 1 nínú 100, nínú ẹni 100 tó ṣí 100, bíi 37 kò ní fojú kàn án. Láti December 2017 ni Apple ti ní kí wọ́n kọ ìṣirò yìí síta fún àpótí orí-ire tí wọ́n ń fowó rà, èyí tí èèyàn kì í mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kó tó ṣí i. Ó tọ́ kí èèyàn kà á kó tó sanwó.

Álíbọ́ọ̀mù sábà máa ń ní ọjọ́ ìparí. Èyí tí kò bá pé á dànù, nítorí náà ríra àpò àwòrán nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kì í sábà mú èrè wá. Ẹni tó sì ń ta á láìso ó mọ́ àkáǹtì kankan, inú fóònù yẹn nìkan ni gbogbo rẹ̀ lè wà: bó bá yọ géèmù kúrò tàbí fóònù bá bàjẹ́, ìpele 1 ni yóò ti tún bẹ̀rẹ̀.