Ẹ Bèèrè Ohun Tí Wọ́n Fi Mú Wáìnì Pupa Tòrò

Ẹni tó ti fi ẹran, ẹyin àti wàrà sílẹ̀ pátápátá, àwọn tí ayé ń pè ní vegan, á bi mí pé wáìnì pupa wo ni òun lè mu. Bí mo bá ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ wádìí, ó máa ń yà á lẹ́nu. Ṣebí àjàrà ni wọ́n fi ṣe é? Àjàrà ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí ọtí náà tó dé inú ìgò, iṣẹ́ kan wà tí ọ̀pọ̀ òǹmu kò mọ̀ sí: mímú un tòrò.

Wáìnì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó tán máa ń dàrú bí omi odò lẹ́yìn òjò. Èérún awọ àjàrà wà nínú rẹ̀, ìwúkàrà tó ti kú wà níbẹ̀. Ti pupa tún ní tánìnì, èyí tó ń jáde lára awọ àti kóró àjàrà. Òun ló máa ń mú ẹnu gbẹ bí ìgbà téèyàn mu tíì tí ewé rẹ̀ pẹ́ jù nínú omi gbígbóná. Tó bá pọ̀ jù, oníṣẹ́ ọtí á wá nǹkan tí yóò lẹ̀ mọ́ ọn, tí yóò sì fà á lọ sí ìsàlẹ̀ àgbá.

Nǹkan tí wọ́n ti ń lò tipẹ́, pàápàá ní Bordeaux nílẹ̀ Faransé, ni funfun ẹyin. Mo ti dúró ti àgbá wò ó. Ẹyin 3 sí 6 ni fún àgbá líta 225. Wọ́n á ya funfun kúrò lára pupa, wọ́n á fún iyọ̀ díẹ̀ sí i, wọ́n á rọra lù ú kó má baà di ìfófòó, wọ́n á wá dà á sínú ọtí, wọ́n á fi ọ̀pá rò ó. Ẹ ò ní rí nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹyin àti tánìnì á dì mọ́ra wọn, tí wọ́n á máa rì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á fa ọtí tó ti tòrò kúrò lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀.

Àwọn kan á sọ pé ẹyin ti wà nísàlẹ̀, kò sí nínú ọtí mọ́, kí ló wá kù? Èmi ò fara mọ́ èsì yẹn. Ẹni tó pinnu pé òun ò ní jẹ nínú ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹranko kò bi wá bóyá ó kù tàbí kò kù. Bóyá wọ́n lò ó ló ń bèèrè.

Jẹ́látíìnì ni ìkejì, awọ àti egungun ẹlẹ́dẹ̀ tàbí màlúù ni wọ́n sì ń sè kí wọ́n tó rí i. Wọ́n tilẹ̀ ń lo ẹ̀jẹ̀ màlúù gbígbẹ nígbà kan, kí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù tó fòfin dè é ní 1997 nítorí àrùn wèrè màlúù. Purotéènì wàrà àti èyí tí wọ́n ń yọ lára àpò afẹ́fẹ́ inú ẹja, wáìnì funfun ni wọ́n sábà máa ń fi wọ́n ṣe. Nítorí náà, tó bá jẹ́ pupa lẹ fẹ́ rà, ẹyin àti jẹ́látíìnì ni kí ẹ fojú sí jù.

Àwọn nǹkan mìíràn wà tí kò ní ọwọ́ ẹranko nínú. Bentonite jẹ́ amọ̀ tó wá láti ara eérú òkè ayọnáyèéfín. Ó dára, àmọ́ ó máa ń fa àwọ̀ pupa lọ díẹ̀, ìdí nìyẹn tí oníṣẹ́ ọtí pupa fi ń ṣọ́ ọ lò. Purotéènì ọ̀dùnkún àti ti ẹ̀wà píì ti wà báyìí, wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ ẹyin gan-an. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni sùúrù: kí wọ́n fi ọtí sílẹ̀ nínú àgbá tutù fún oṣù mélòó kan, kí wọ́n máa fà á láti àgbá kan sí òmíràn, kó tòrò fúnra rẹ̀. Wáìnì pupa máa ń gba irú ìtọ́jú yìí dáadáa ju funfun lọ.

Báwo lẹ ó ṣe wá mọ̀ ọ́n lára ìgò? Mo ṣe àṣìṣe kan rí. Oníbàárà kan fẹ́ wáìnì tí kò ní ọwọ́ ẹranko nínú, mo rí «organic» lára ìgò kan, mo gbé e fún un tìgboyà-tìgboyà. Ó kọ̀wé sí ẹni tó ṣe ọtí náà. Èsì tó gbà ni pé funfun ẹyin ni wọ́n lò. Inú rẹ̀ bàjẹ́, ó sì dùn mí gan-an torí pé ó fọkàn tán mi. Organic ń sọ bí wọ́n ṣe gbin àjàrà. Òfin Yúróòpù fún irú wáìnì bẹ́ẹ̀ gba ẹyin àti jẹ́látíìnì láàyè. Biodynamic, ìyẹn ọ̀nà iṣẹ́ oko mìíràn tí wọ́n máa ń kọ sára ìgò, ńkọ́? Ìwo màlúù tí wọ́n rọ ìgbẹ́ màlúù sí, tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, wà lára ohun tí wọ́n fi ń tọ́jú ilẹ̀ oko rẹ̀.

Láti 2012, òfin Yúróòpù sọ pé kí wọ́n kọ ẹyin tàbí wàrà sára ìgò, ṣùgbọ́n tó bá tó 0.25 mílígíráàmù nínú líta 1 nìkan ni. Ìgò tí wọn ò kọ ọ́ sí lè jẹ́ èyí tí wọ́n fi ẹyin ṣe, tí kò sì kù tó bẹ́ẹ̀. Jẹ́látíìnì kò sí lábẹ́ òfin náà rárá. Òfin Oṣù Kejìlá 2023 tó ní kí wọ́n máa to èròjà wáìnì lẹ́sẹẹsẹ kò ka ohun tí wọ́n fi mú un tòrò mọ́ èròjà.

Àmì V-Label tí wọ́n kọ «vegan» sí (torí èyí tí wọ́n kọ «vegetarian» sí lè gba ẹyin láàyè) tàbí òdòdó ti The Vegan Society ló dájú jù. Tí kò bá sí èyí, ẹ wo «unfined», tàbí «non collé» lára ìgò Faransé: ó túmọ̀ sí pé wọn ò da nǹkan kan sí i láti mú un tòrò. Ẹ má ṣì í mú fún «unfiltered». Ìyẹn kàn ń sọ pé wọn ò fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Wọ́n lè ti fi ẹyin ṣe é tẹ́lẹ̀.

Bí ìgò kò bá sọ nǹkan kan, ẹ kọ̀wé sí ẹni tó ṣe é, kí ẹ sì dárúkọ ọdún ìkórè tó wà lára rẹ̀, torí ohun tí wọ́n lò lọ́dún kan lè yàtọ̀ sí ti ọdún kejì.

Wáìnì tí wọn ò da nǹkan sí máa ń ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ díẹ̀, kò sì léwu. Ẹ gbé ìgò dúró ṣánṣán fún odidi ọjọ́ kan kí ẹ tó ṣí i. Ẹ rọra máa dà á, kí iná wà lẹ́yìn ọrùn ìgò. Bí ẹ bá ti rí ìlà dúdú tó ń bọ̀ lọ́rùn, ẹ dáwọ́ dúró.