Àsunle: ohun tí iyanrìn kì í tètè jẹ

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó kúrò nínú mi: àwọn ohun líle tí wọ́n ń fi iná sun fún ara ẹ̀rọ, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "advanced ceramics", ẹni tó ń pè é ní "amọ̀ ìgbàlódé" ò tíì wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Amọ̀ wo ló wà nínú sílíkọ́nì káábáìdì, ọ̀kan nínú wọn? Iyanrìn àti káábọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ń ṣe é. Àlùmínà ńkọ́? Inú òkúta kan tó ń jẹ́ bọ́síìtì ló ti ń jáde, ìyẹ̀fun funfun ni. Àwọn mìíràn kọ "séráámíìkì" sílẹ̀, wọ́n ní àwọn ti túmọ̀. Ará Iléṣà tó bá gbọ́ ọ, táìsì balùwẹ̀ ni yóò máa rò.

Àsunle lèmi ń pè é. Wọn á fún ìyẹ̀fun pọ̀, wọn á sun ún títí ara rẹ̀ á fi wọnú ara, tí yóò sì le. Bó ti wù kí èròjà wọn yàtọ̀ tó, iná ló sọ gbogbo wọn di ohun tí wọ́n jẹ́. Amọ̀kòkò náà, sísun ló ń sun ìkòkò. Ẹnì kan ní orúkọ yìí ń rán òun létí ẹran ewúrẹ́ tí wọ́n ń yan l'Óńdó. Ebi ló ń pa á.

Góòlù wà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ẹ mọ bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí: wọn á lọ òkúta, wọn á pò ó mọ́ omi, pọ́ǹpù á máa tì í gba inú páìpù. Lórí òṣùwọ̀n Mohs tí wọ́n fi ń wo bí nǹkan ṣe le tó, tí dáyámọ́ńdì ti jẹ́ 10, iyanrìn kúọ́tìsì jẹ́ 7. Irin lásán kò tó bẹ́ẹ̀. Àlùmínà jẹ́ 9, owó rẹ̀ ló sì pọ́ọ́kú jù. Níbi tí iyanrìn bá ti ń ha ara páìpù kọjá, ẹ má wulẹ̀ wá òmíràn.

Ṣùgbọ́n tí òkúta bá ń já lu ojú rẹ̀ gan-an, àlùmínà á fọ́. Síkóníà, àsunle mìíràn, tí wọ́n fi ìyẹ̀fun kan tó ń jẹ́ ítíríà díẹ̀ sí, ló wù mí níbẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá fẹ́ sán, àwọn hóró tó wà lójú ọ̀nà á yí ìrísí padà, wọn á wú ní nǹkan bí ìdá 4 nínú 100. Ẹ wo olè tó sá wọ àárín èrò lọ́jà Atákúnmọ́sà: gbogbo ẹni tó bá kàn lára ń na ìgúnpá, ń fẹ èjìká, àyè ń há mọ́ ọn títí ẹsẹ̀ ò fi ní ibi tí yóò gbà mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ibi tó fẹ́ sán ṣe ń dúró.

Ẹ má gbé síkóníà yìí síbi tí oru omi gbígbóná wà o. Ní nǹkan bí 200°C, àwọn hóró yìí kan náà á máa wú láìsí ẹni tó kàn wọ́n.

Fún síìlì pọ́ǹpù, ìyẹn ohun tí kì í jẹ́ kí omi jò, sílíkọ́nì káábáìdì. Fún ọmọ inú béárìn, àsunle mìíràn tó ń jẹ́ sílíkọ́nì nítíráìdì. Yíyan ìyókù ò ṣòro.

Ibi tí ẹ fẹ́ kí ihò bóòtì yín wà, ẹ tètè sọ ọ́ fún àwọn tó ń sun ún. Ìyẹ̀fun náà á sún kì nínú iná, wọ́n gbọ́dọ̀ ti ṣírò ìyẹn kí wọ́n tó sun ún. Bó bá ti jáde tán, dáyámọ́ńdì ni wọ́n máa fi gbẹ́ ẹ, ẹ̀yin lẹ máa sanwó rẹ̀.