Ẹ̀wà tún rú, tẹ̀tẹ̀ kò hù: kí ló ṣẹlẹ̀?

Ìbéèrè: Oko ẹ̀fọ́ mi wà ní Ìkẹ́nnẹ́. Wọ́n ní kí n má kọ ilẹ̀ mọ́, kí n má sì fín oògùn apakoríko. Kí n gbin ẹ̀wà, kí n gé e lulẹ̀, kí n wá fọ́n tẹ̀tẹ̀ sórí rẹ̀. Ẹ̀wà tún rú, tẹ̀tẹ̀ kò hù. Ṣé irọ́ ni wọ́n pa fún mi?

Ìdáhùn: Irọ́ kọ́, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni. Ta ni nínú wa tó ń gbin ewùrà ìkọ́kọrẹ́ tí kò mọ bí a ṣe ń fi koríko dé orí ebè? Ohun kan náà ni. Ewé tó bo ilẹ̀ ń sé oòrùn mọ́ koríko, kì í jẹ́ kí omi ilẹ̀ tètè gbẹ, òjò ńlá kì í sì í ráyè wọ́ ilẹ̀ lọ. Àmọ́ ewé náà kò mọ tẹ̀tẹ̀ yàtọ̀ sí koríko. Kóró tẹ̀tẹ̀ kò ju iyanrìn lọ. Kò lágbára láti la ìbò tó nípọn já. Ata àti tòmátì ni ọ̀nà yìí bá lára mu: ẹ tọ́ wọn níbòmíràn, ẹ ya ewé sọ́tọ̀, ẹ gbẹ́ ihò kékeré, kí ẹ lọ́ wọn síbẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ àti ewédú, ilẹ̀ gbalasa ni kí ẹ fọ́n wọn sí.

Ìbéèrè: Kí ló wá mú kí ẹ̀wà rú?

Ìdáhùn: Ẹ tètè gé e ni. Ẹni tí kò fín oògùn, àsìkò gígé ni oògùn tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tanná dáadáa, kí ẹ sì gé e mọ́lẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ tó gbó, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ á di koríko sí yín lọ́rùn. Ẹ má fà á tu o! Àwọn kókó kéékèèké ara gbòǹgbò rẹ̀ ló ń kó náítírójìn, oúnjẹ tí ewéko ń lò, jọ láti inú afẹ́fẹ́.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè fi igi àgbàdo gbígbẹ kún un?

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni, ó máa ń pẹ́ kó tó jẹrà ju ewé ẹ̀wà lọ. Ẹ má kàn rì í mọ́lẹ̀, torí yóò yá náítírójìn ilẹ̀ lò, ewé ata á sì máa pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.

Ìbéèrè: Wọ́n tún ní wèrèpè dára. Wèrèpè tó ń yúnni?

Ìdáhùn: Èyí tí kò ní irun ayúnni wà, òun ni wọ́n ń gbìn. Bí ẹ bá sọ ọ́ ní nǹkan bí oṣù Keje, á tàn bo gbogbo ilẹ̀, yóò kú fúnra rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ewé gbígbẹ rẹ̀ á sì wà nílẹ̀ de òjò àkọ́rọ̀. Ibi tí koríko ẹ̀kan bá ti gba oko mọ́ni lọ́wọ́, èmi ò mọ ohun tó dà bí i rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ata tó ṣì ń so. Á gùn ún pa.