Gas ballast: bọ́tìnì kékeré ẹ̀gbẹ́ pọ́ǹpù

Pọ́ǹpù tí mò ń sọ yìí, àwọn tó ń tún fíríìjì àti amúlétutù ṣe ló máa ń wà lọ́wọ́ wọn jù n'Ílọrin. Òun ni wọ́n fi ń fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú páìpù kí wọ́n tó rọ gáàsì tuntun sí i. Èmi kì í tún fíríìjì ṣe o. Ìlẹ̀kẹ̀ ni mò ń fi rẹ́sìnì, oje tó máa ń ṣàn kó tó le gbagidi, ṣe, pupa bíi lántánà, ìlẹ̀kẹ̀ òkúta tí àwọn baba wa máa ń dán n'Ílọrin níbí, mo sì ń fi igi ṣe èèkù ọ̀bẹ. Inú ike kan tí mo dé pa ni mo máa ń kó rẹ́sìnì tàbí igi sí, pọ́ǹpù ló sì ń bá mi fa afẹ́fẹ́ kéékèèké tó máa ń há sínú wọn. Olówó pọ́ọ́kú ni mo rà.

Bọ́tìnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí a lè fọwọ́ yí. Gas ballast ni ìwé tó bá a wá pè é. Odindi ọdún kan, n kò fọwọ́ kàn án. Ìgbà tó yá, mo wo dígí tí a fi ń wo ọ́ìlì, àfi bí omi wàrà! Pọ́ǹpù ń dún, ṣùgbọ́n ọwọ́ gééjì kò dé ibi tó máa ń dé mọ́. Mo gbé e lọ bá bọ̀dá kan tó ń tún pọ́ǹpù ṣe ní àdúgbò Táíwò. Wọn ò tíì mú sípánà rárá. Wọ́n ti ìka bọ ọ́ìlì náà, wọ́n fi àtàǹpàkò rà á, wọ́n ní, “Àbúrò, pọ́ǹpù rẹ ò bàjẹ́. Omi ló mu.”

Níbo ni omi gbà wọlé?

Ẹ wo fọ́gánáísà tó ń fún táyà. Bó bá tú nọ́ọ̀tì abẹ́ táńkì rẹ̀, omi á máa ṣàn. Kò sẹ́ni tó bu omi síbẹ̀. Ooru omi, ìyẹn omi tó ti di bí afẹ́fẹ́ tí ojú kò rí, tó wà nínú afẹ́fẹ́ ni. Nígbà tí ẹ̀rọ fún afẹ́fẹ́ náà pọ̀, àyè kò gba ooru omi mọ́, ó bá padà di omi. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí nínú pọ́ǹpù wa. Irin roboto kan ń yí nínú ihò tó fẹ̀ jù ú lọ, ohun pẹlẹbẹ méjì sì yọ lára irin náà tí wọ́n ń gbá ògiri ihò bí ìgbálẹ̀. Wọ́n á kó ohun tó bá wà nínú ike, wọ́n á tì í sí kọ̀rọ̀, wọ́n á fún un títí agbára rẹ̀ yóò fi ju ti afẹ́fẹ́ ìta lọ, ilẹ̀kùn kékeré á wá ṣí, á jáde gba inú ọ́ìlì.

Afẹ́fẹ́ ìta n'Ílọrin ń tẹ nǹkan ní nǹkan bíi mílíbà 980 (mílíbà ni a fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ nǹkan tó). Ooru omi kò lè dé ibẹ̀. Bí pọ́ǹpù bá tutù, ní ìwọ̀n 25°C, kò ní í kọjá mílíbà 32 tí yóò fi di omi. Bó tilẹ̀ gbóná dé 60°C, mílíbà 200 ni òpin rẹ̀. Nítorí náà, kí ilẹ̀kùn tó ṣí, omi ti dé. Ó pò mọ́ ọ́ìlì, ọ́ìlì gbé e yípo padà sí ẹnu ibi tí pọ́ǹpù ti ń fà, ó tún di ooru níbẹ̀. Pọ́ǹpù wá ń fa omi ara rẹ̀! Ìdí tí gééjì mi kò fi sọ̀ nìyẹn. Igi èèkù ọ̀bẹ tí kò gbẹ tán ló ń fún un lómi mu. Bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ á dípẹtà.

Wolfgang Gaede, ará Jámánì, ló rí ojútùú rẹ̀ ní 1935. Ó dá ihò tóóró kan sí i tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ìta díẹ̀ wọlé lẹ́yìn tí kọ̀rọ̀ náà bá ti pa ẹnu dé sí ike. Afẹ́fẹ́ yẹn á bá ooru omi ti ilẹ̀kùn, yóò tètè ṣí, ooru á sì bá a jáde láì tíì di omi. Gas ballast nìyẹn. Bó bá wà ní ṣíṣí, pọ́ǹpù kò ní lè fà dé òpin agbára rẹ̀, nítorí náà mo máa ń ṣí i níbẹ̀rẹ̀, mo sì máa ń tì í nígbà tí ọ̀rinrin bá ti lọ.

Bọ̀dá yẹn jẹ́ kí pọ́ǹpù gbóná, wọ́n da ọ́ìlì nù, wọ́n rọ òmíràn, wọ́n tún dà á nù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni kó tó mọ́ gaara. Ọ́ìlì pọ́ǹpù gan-an ni wọ́n lò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rọ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i: àwọn nǹkan tí wọ́n pò mọ́ ọn fún mọ́tò máa ń di ooru fúnra wọn.

Iná tiwa náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Bí wọ́n bá mú iná lọ lójijì, ike tó ti ṣófo lè fa ọ́ìlì gba rọ́bà lọ bá rẹ́sìnì yín. Fáàfù tó wà láàárín ike àti pọ́ǹpù ni kí ẹ kọ́kọ́ tì. Bí iná bá sì rọ̀ tí pọ́ǹpù ń kùn láì yí, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀ kí wáyà inú rẹ̀ má jó.

Àwọn pọ́ǹpù kan kò ní bọ́tìnì yìí rárá. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀, kó yan igi rẹ̀ gbẹ nínú ààrò dáadáa, kó jẹ́ kí pọ́ǹpù gbóná fún ìṣẹ́jú 15 kó tó so ó mọ́ ike, kó sì máa pààrọ̀ ọ́ìlì ní gbàrà tí ojú dígí bá ti ń ṣú.